Ìkíni Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi Níwájú Kọ́tìnì

Ògo ni fún Ọba tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbi tí ènìyàn parí rẹ̀ sí! Halelúyà! Ẹ̀yin ará Odò-Orò, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Mo tún un pè: Halelúyà! Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti jẹun kẹ́ ẹ tó wá, mo gbọ́ ohùn yín dáadáa.

Orúkọ mi ni Ìbídùnní. Ọmọ Bàbá Bàsí ni mí, ẹni tó ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú kọ́yà ìjọ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ìyá mi nìyẹn, òun ló wé gèlè aláwọ̀ ewé, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Alàgbà ti sọ fún mi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rí kì í ṣe ìwàásù, pé kí n má pẹ́ níbí. Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ohun tó mú mi sunkún tó sì mú mi jó, mi ò lè fi ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ tán.

Ohun tí mo wá dúpẹ́ fún rèé: mo ti ríṣẹ́. Fèrè ni mò ń fọn. Ilẹ̀ Jámánì ni iṣẹ́ náà wà, nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá tí wọ́n ń pè ní ọ́kẹ́sítírà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń jókòó pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń ta gòjé, àwọn kan ń fọn fèrè, àwọn kan ń lu ìlù, ẹnì kan á sì dúró níwájú wọn, á máa ju ọwọ́ bí Bàbá Kọ́yà wa. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, wọ́n ń san owó oṣù lórí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi, tí Ọlọ́run sì hán an kó tó kan ilẹ̀. Ẹ bá mi yin Olúwa.

Inú báńdì ìjọ yìí náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tròmbóònù kan wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, fèrè gígùn tí a máa ń fà síwájú tí a tún máa ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó ń fọn ọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, aláǹgbá ló kù tó ń gbé inú rẹ̀. Bàbá Kọ́yà ní kí ọkùnrin kan jáde wá mú un. Ọkùnrin kankan ò fẹ́ ẹ, tùráńpẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń dù. Mo ní èmi á mú un. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ṣé ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ? Ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wú. Ẹ ní ta ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tó ń fọn fèrè tó gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já kòkó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rèé, ẹ wò ó, bí Ọlọ́run ṣe dá a náà ló ṣì wà. Ti ọkọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rí mìíràn.

Wọn ò gba ariwo náà nílé, nítorí náà ibi tí bàbá mi ń sá kòkó sí ni mo ti kọ́ ọ. Èmi ni wọ́n ní kó máa lé ewúrẹ́ kúrò lórí kòkó, fèrè ni mo sì fi ń lé wọn. Àlùfáà Mùsùlùmí tó ni ewúrẹ́, alámùúlétì wa, ní inú òun dùn pé ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ń bá òun da ẹran, kí n ṣáà má máa fọn ún lásìkò ìrun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e.

Kí n tó kúrò nílé, ohun méjì ni mo gbà dání. Lọ́dọ̀ bàbá mi, mo gba ohùn. Ohùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí náà ni. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkọ̀lé, bí wọ́n bá pe orúkọ mi tí mo dáhùn, tíṣà á gbójú sókè, á ní ọkùnrin wo ló ń dáhùn orúkọ obìnrin. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Mo sunkún nítorí ohùn yìí. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kì í gba gbogbo àdúrà.

Lọ́dọ̀ ìyá mi, mo gba ìkíni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Aránṣọ ni, ojú ọ̀nà ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ láì kí i, á gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí èmi àti òun bá ń lọ sóko, tí a rí ẹni tó ń kọ ebè, a ó kí i. Bí a ò bá tiẹ̀ rí ẹnikẹ́ni, tó ṣe pé ìró ọkọ́ là ń gbọ́ nínú igbó, a ó dúró, a ó kí ìró ọkọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan mo gba ẹ̀yìn àwọn tó ń fọ́ kòkó kọjá láì sọ̀rọ̀, mo rò pé wọn ò rí mi. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé, ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti dá mi padà. Ó ní, “Ọ rí ènìyàn lẹ́nu uṣẹ́, ọ wá kọjá bí ewúrẹ́? Padà lọ kí wọn.” Mo padà lọ kí wọn. Láti ọjọ́ náà, kó tó di pé mo ronú, ẹnu mi á ti kí ènìyàn.

Mo ka ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì. Ọlọ́run tún ṣe é, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Jámánì. Ẹ̀yin náà lẹ sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀, tẹ́ ẹ ń gbàdúrà lé mi lórí títí awakọ̀ fi ń fọn fèrè tirẹ̀. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín.

Ìgbà tí ẹ̀kọ́ parí ni wàhálà dé. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún mi fẹ́ kú. Òfin wọn ni pé bí mi ò bá ríṣẹ́ kó tó kú, kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ nílé. Kì í ṣe pé ilé burú o. Iyán ilé ò ní ẹlẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi fèrè yìí ṣe nílé? Ìkọ̀lé ò ní ọ́kẹ́sítírà. Ọyẹ́ ò ní. Ìdó ò ní. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti kékeré á wá di ohun tí mò ń fi lé ewúrẹ́.

Iṣẹ́ náà sì ṣọ̀wọ́n. Ẹni mẹ́ta péré ló sábà máa ń fọn tròmbóònù nínú ọ́kẹ́sítírà kan. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀, ó di ọjọ́ tó bá darúgbó kó tó dìde. Bí àyè kan bá sì ṣí, gbogbo ọmọ tó mọ̀ ọ́n fọn láti ilẹ̀ òyìnbó dé ilẹ̀ Ṣáínà ló máa sáré wá. Mo kọ̀wé síbí, mo kọ̀wé sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ pè mí. Ibì kan pè mí. Bí mo ṣe wọlé, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò fún mi wo ojú mi, ó wo fèrè ọwọ́ mi, ó tún wo ojú mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mi ò tíì gbé fèrè sẹ́nu tí mo ti mọ̀ pé ìdánwò ti parí. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ó dùn mí wọra.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ìbàdàn, pè mí. Ó ní, “Ìbídùn, gbogbo ayé ló ń wá nọ́ọ̀sì. Ta ló ń wá afọnfèrè? Lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ yẹn kí ìwé ẹ tó kú.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ìyá mi nìkan ni kò dá sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní, “Ọ ṣáà máa fọn ọ́n. Ọjọ́ tí an bá gbọ́ ọ tán, an a mọ̀ ọ́.”

Ẹ kígbe Halelúyà kékeré kan, kí n fi mí.

Ìwé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá nígbà tí ọ́kẹ́sítírà ìlú kékeré kan pè mí. Wọ́n ní àwọn máa ń ta kọ́tìnì bo ara àwọn. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò fúnni á jókòó lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹni tó ń fọn fèrè á wà níwájú rẹ̀, wọn ò ní rí i, kò ní rí wọn. Wọn ò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá funfun tàbí dúdú, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa pè é. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sílẹ̀ kí ìró bàtà obìnrin má tú u fó. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo jó yí yàrá mi ká. Mo ní Olúwa, Ìwọ lo ta kọ́tìnì yẹn fún mi. Fèrè nìkan ni wọ́n máa gbọ́, kò sí ẹni tó máa wo aago.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, akọ̀wé wọn, ọkùnrin gíga kan tó tínrín, kó wa jọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ka òfin fún wa. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ sí mi létí, èmi ni mo máa bá yín béèrè. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ìdánwò tirẹ̀ ti parí.” Ó béèrè bóyá ó yé wa. Ó yé mi. Mo mọ òfin yẹn bí mo ṣe mọ Àdúrà Olúwa.

Ó kàn mí. Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn fún mi, mo wọlé lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ológbò. Kọ́tìnì dúdú kan gùn láti òkè dé ilẹ̀. Mò ń gbàdúrà nínú. Mò ń rántí ibi tí mo gbọ́dọ̀ ti mí, ibi tí mo gbọ́dọ̀ ti rọra. Ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣí ìwé lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo gbọ́ bíírò tó ń họ orí ìwé. Ẹnì kan húkọ́, ẹnì kan ń fi ṣíbí ro tíì nínú ife. Ẹ̀yin ará mi, ìró ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀, ẹnu mi là, ohùn bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi jáde, ó ròkè nínú gbọ̀ngàn yẹn: “Ẹ kú uṣẹ́ o!”

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, mo ti dárí jì yín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ṣíbí dúró nínú ife. Bíírò dúró. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi, mò ń retí kí wọ́n jẹ́ mi. Ìgbà tí kò sí ẹni tó jẹ́ mi ni ojú mi là. Akọ̀wé ti la ẹnu sílẹ̀. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó fà mí dìde, ó mú mi jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, “Kí lẹ ṣe yìí?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo kí wọn ni.”

Ó ní, “Mo ti ka òfin fún yín. Wọ́n ti gbọ́ ohùn yín. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ó ti parí. Ẹ máa lọ sílé.” Kò pariwo mọ́ mi. Ó gbé àpótí fèrè mi wá fún mi fúnra rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń tú fèrè palẹ̀. Omi ojú mi ń kán sínú àpótí. Gbogbo ọdún yẹn, gbogbo ààwẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló gbé e lọ. Mo pe ìyá mi. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré bó ṣe gbé fóònù.

“Ìbídùn, ọ ti ṣe tán?”

“Màmá, mo ti bà á jẹ́. Mo sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ní a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.”

“Kí ni ọ sọ?”

“Mo kí wọn kú iṣẹ́.”

Ìyá mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó wá ní, “Ṣé an dá ọ lóhùn?”

“Rárá, mà.”

“Ọ kí àgbà, àgbà kò jẹ́ ọ, ìwọ lọ wá ń sunkún?”

Mo ní, “Màmá, kò yé yín. Òfin ni. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.”

“Ta ló ní kí ọ máa lọ ulé?”

“Akọ̀wé wọn.”

“Akọ̀wé ni ọ fẹ́ ṣuṣẹ́ fún?”

“Rárá, mà.”

“Jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ wá àyè fún ẹ̀gbọ́n rẹ nílé ìwé, mẹ́gàádì ní kí mi máa lọ ulé, ó ní ọ̀gá kò sí. Mo jókòó. Ọ̀gá wà nínú ọ́fíìsì, ó ń jẹ ẹ̀bà. Jókòó títí ọ̀gá wọn a fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí òun bá ní kí ọ máa lọ, ọ máa bọ̀ nílé, mo máa gún iyán dè ọ́.”

Ó wá gbàdúrà. Àdúrà náà ò gùn. Ó ní, “Ọlọ́run, ọmọ Rẹ kí ènìyàn. Má jẹ́ kí ìkíni di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.” Mo ní àmín. Mo pa fóònù, mo jókòó. Ojú ń tì mí. Àwọn tó kù ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níwájú mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó gbàgbé ẹrù sílé onílé. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kí n wọ̀ lọ sílé gbéra, mò ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Mi ò dìde.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe lẹ́yìn kọ́tìnì. Mi ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ olórí àwọn onítròmbóònù, ẹni tí mò ń jókòó tì báyìí, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Ẹnì kan ní òfin ti wó, kí wọ́n pe ẹlòmíì. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, tó ń ta gòjé, ní kí wọ́n dúró ná. Ó béèrè pé, “Kí nìdí tí a fi ṣe òfin náà?” Wọ́n ní kí àwọn má baà mọ ẹni tó ń fọn fèrè ni. Ó ní, “Ó dáa. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?”

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ará Kòríà ni. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, ará Họ́ńgárì ni, òun ti gbé ibẹ̀ rí. Òmíràn ní kì í tiẹ̀ ṣe èdè, ẹni náà kàn ń nu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni. Bàbá onítròmbóònù yìí ní ti èdè kò yé òun, ṣùgbọ́n òun mọ ohun kan dájú: ọkùnrin ni, ọkùnrin tó ti dàgbà dáadáa, tó sì ti ní irùngbọ̀n. Ohùn tí mo gbààwẹ̀ lé lórí kí Ọlọ́run pààrọ̀ rẹ̀! Ká ní Ó pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ká ní mo kí wọn ní èdè Jámánì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Èkìtì ni Ọlọ́run fi sí mi lẹ́nu, torí Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ Èkìtì kankan láàrin wọn.

Olórí wọn ní, “Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Òfin ò tíì wó. Ẹ fún ẹni náà ní nọ́ńbà mìíràn, kó wọlé láàrin àwọn tó kù níbi tí a ò ti ní mọ̀ pé òun ni.” Ó rán akọ̀wé pé kó lọ pè mí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń mú mi gbọ̀n títí dòní. Akọ̀wé ti sọ fún mi pé kí n máa lọ sílé. Nítorí náà nígbà tí wọ́n rán an, kò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbà sáré bọ́ sójú títì. Ó sáré dé ibùdókọ̀ ojú irin, kò rí mi, ọkọ̀ ti lọ. Ó ń padà bọ̀ láti wá sọ fún wọn pé mo ti lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó. Ló bá rí mi lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, “Ẹ ò lọ ni?”

Mo ní, “Ìyá mi ní kí n jókòó.”

Ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ bá mi kí ìyá yín.” Ó fún mi ní nọ́ńbà tuntun. Nígbà tó tún kàn mí, ó fi ìka sórí ètè rẹ̀, ó wò mí, ó tún fi sórí ètè. Èmi gan-an ò gbára lé ara mi mọ́. Kó tó ṣílẹ̀kùn ni mo ti gbé fèrè sẹ́nu, kí àyè kankan má baà sí níbẹ̀ fún ìkíni.

Mo fọn ọ́n. Ẹ̀yin ará mi, mo fọn ọ́n. Mi ò mọ ibi tí ìbẹ̀rù gbà lọ. Ohun tó burú jù lọ ti ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ yẹn, kí ló tún kù tí mo fẹ́ bẹ̀rù? Ohùn náà jáde bí ìgbà tí mo wà níbi tí a ti ń sá kòkó, tí òòrùn ń pa mí, tí kò sí ẹni tó ń wò mí. Wọ́n yọ àwọn kan kúrò, wọ́n ní kí n dúró. Mo tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún yọ àwọn mìíràn. Nígbà tó di ti ìkẹyìn, a ò ju ẹni méjì lọ, wọ́n ká kọ́tìnì kúrò kí wọ́n lè rí wa báwa náà ṣe ń rí wọn. Mo rí wọn, wọ́n rí mi. Mo wo ọwọ́ wọn. Kò sí ẹni tó wo aago.

Wọ́n ní kí á jáde. Wọ́n dìbò. Akọ̀wé jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúkọ mi ló pè, kì í ṣe nọ́ńbà. Ó fẹ́ pe Ìbídùnní, kò lè pè é, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni. Ẹ yin Olúwa! Ẹ bá mi yìn Ín!

Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan nígbà tí olórí wọn béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé, “Ta tiẹ̀ ni ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ láàárọ̀? Ṣé ó padà wá?” Akọ̀wé wò mí. Mo ní èmi ni. Bàbá onítròmbóònù wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń wá irùngbọ̀n. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi da tíì sílẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pé nílé wa, ẹni tó bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ á kí i. Olórí wọn ní ẹ̀yìn ti ń dun òun láti àárọ̀ níbi ìjókòó yẹn, òun ìbá sì ti jẹ́ mi ká ní òun mọ̀.

Mo pe ìyá mi. Mo ní, “Màmá, wọ́n gbà mí.” Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń ké “Ọlọ́run ṣé o” láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ Àlùfáà alámùúlétì, mò ń gbọ́ Àlùfáà tó ń ní “Alihamudulilai” láti ibẹ̀. Kò rántí pé mo wà lórí fóònù títí owó fóònù mi fi tán. Bọ̀dá Káyọ̀dé náà pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní òun bá mi yọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé wọn ò nílò ẹni tó ń tẹ dùùrù, torí ọmọ òun kékeré ti ń gbìyànjú.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dán mi wò gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn kí wọ́n tó sọ pé mo ti di tiwọn. Ọdún yẹn ti parí, mo ti di tiwọn. Ìwé ìgbélùú tó fẹ́ kú ti jí. Ìdí tí mo fi wálé nìyí, kí n tó lo ìsinmi mi fún nǹkan mìíràn, kí n wá sọ ọ́ níbi tí ẹ ti gbé fèrè lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ ṣeun. Bàbá Kọ́yà, ẹ ṣeun, sà, ẹ̀yin lẹ lé aláǹgbá jáde nínú rẹ̀. Bàbá mi, ẹ ṣeun ohùn. Màmá, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ọlọ́run mi, mi ò ní ẹnu tó tó o.

Alàgbà, mo ti rí yín, mo fẹ́ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ kí n tó kúrò níbí.

Mi ò mọ ẹni náà. Ó jókòó sáàrin wa. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ti parí. Bóyá ní ọsibítù ni, bóyá níbi iṣẹ́ ni, bóyá ilé ọkọ ni. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ lè má purọ́. Akọ̀wé ò purọ́ fún mi, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mò ń da omi ojú sínú àpótí fèrè, àwọn tí mi ò rí rí ń jà fún mi nínú yàrá tí wọ́n ti lé mi jáde. Nígbà tí ojú ń tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan ń sáré kiri ìlú, ó ń wá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi, ìyà lè máa jẹ ọ́ níbi tó o wà yẹn, ojú lè máa tì ọ́. Má tíì dìde. Ẹni tí Ọlọ́run rán sí ọ ti wà lọ́nà, kó má lọ dé ibẹ̀ kó má bá ọ.